Ẹ Má Fi Irọ́ Kún Ọjọ́ Orí Àgbà

Ẹ̀yin tí ẹ ń retí ọ̀rọ̀ lórí ewúro tí a ṣèlérí, ẹ foríjì wá, ó di ìgbà mìíràn. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ tí a ti sin Màmá wa àgbà, n kò sì fẹ́ kí ó tutù kí n tó sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Wọ́n pín ìwé ètò ìsìnkú, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ewé àkọ́kọ́ pé ẹni ọdún 115 ni Màmá. Àwọn ọmọdé ń pariwo, àwọn àgbà ń mi orí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, èyí tí ó ń lọ sí yunifásítì, wá béèrè pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé kì í ṣe pé Màmá wà lára àwọn tí ó dàgbà jù ní gbogbo ayé ni, kí ló dé tí oníwèé ìròyìn kankan kò fi wá yà á ní fọ́tò rí? Wọ́n ní kí ó panu mọ́. Wọ́n ní ilé ìwé òyìnbó ló sọ ọ́ di aláìgbọ́ràn. Èmi náà wà níbẹ̀, èmi náà sì panu mọ́. Mo fi ìwé yìí tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà, nítorí òun ló jàre.

Nínú ìwé ìrìnnà Màmá, January 1, 1938 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ nílé mọ bí January 1 ṣe ń dé inú rẹ̀. Akọ̀wé á bi ọ́ pé ọjọ́ wo ni wọ́n bí ọ, wà á ní o kò mọ̀, á wo ojú rẹ, á sì bu ọjọ́ tí ó bá wù ú fún ọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wa fi ń ṣe ọjọ́ ìbí ní ọjọ́ kan náà, lọ́jọ́ ọdún tuntun! Ìwé yẹn dín ọjọ́ orí Màmá kù, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kí owó àgbà tí ìjọba Kánádà ń san fún ẹni tí ó bá pé 65 tètè kàn án. Irọ́ tí ń dín ọdún kù náà ní ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn.

Nígbà náà, ẹni ọdún mélòó ni Màmá? Òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi, kò sì mẹ́nu kan iye kankan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, a jọ ń já ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lẹ́yìnkùlé níbí ní Courtice. Mo ní, "Màmá, ọdún wo ni wọ́n bí yín?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò mọ ọdún, ṣùgbọ́n òun mọ ọjọ́ tí òòrùn ṣókùnkùn lọ́sàn-án, tí adìẹ ń wọ́ lọ sí ibùsùn. Ó ní ọmú òun ti yọ nígbà náà, òun ti ń gbé ọjà ìyá òun lórí káàkiri Abẹ́òkúta, wọ́n sì ti ń sọ̀rọ̀ ọkọ fún òun. Ó ní kí ọdún yẹn tó parí ni àwọn obìnrin lọ jókòó ti Aláké ní ààfin nítorí owó orí, àti pé ìyá òun wà lára wọn, òun ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí. May 20, 1947 ni òṣùpá bo òòrùn lójú, tí òjìji rẹ̀ sì kọjá lórí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dé ilẹ̀ wa. Ìparí ọdún 1947 kan náà ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, lọ dó ti ààfin Aláké Adémọ́lá Kejì nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Wọn kò dẹ̀yìn títí ọba fi fi oyè sílẹ̀ ní January 1949. Bí Màmá bá jẹ́ ọmọ ọdún 16 tàbí 17 nígbà náà, a jẹ́ pé 1930 tàbí 1931 ni wọ́n bí i. Ẹni bí ọdún 95 ni. Ìwé ìrìnnà fi bí ọdún méje jẹ ẹ́ gbèsè, ìwé ìsìnkú sì fi ogún ọdún ta á lọ́rẹ.

Kí ló burú nínú 95? Ẹ dá mi lóhùn.

Bí àwọn baba wa ṣe ń ka ọjọ́ orí nìyẹn, ó sì dára ju ti akọ̀wé lọ. Wọ́n á ní wọ́n bí lágbájá nígbà ogun Kírìjì, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí wọn kò túká níbẹ̀ títí di 1893. Wọ́n á ní tàmẹ̀dò ń rá kòrò nígbà ogun Adúbí, tí àwọn Ẹ̀gbá hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè ní 1918, tàbí nígbà àjàkálẹ̀ lúkúlúkú tí ó tẹ̀ lé e lọ́dún kan náà. Àwọn tí ó kéré sí wọn á ní àwọn wà ní sùkúù nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà ní 1956, tàbí pé àwọn ti ń ṣòwò nígbà tí náírà dé ní 1973. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí àgbà, kí ó má béèrè ọdún. Kí ó béèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí, àti bí ara rẹ̀ ti tó nígbà tí ó rí i.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé ayé àtijọ́ kì í ṣe ti ìsinsìnyí, pé àwọn àgbà ìgbà yẹn ń lo 150, 200 ọdún láyé nítorí ewé àti egbò tí wọ́n ń jẹ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ènìyàn tí ìwé ẹ̀rí wà fún ní gbogbo ayé, ẹnì kan ṣoṣo ló kọjá 120. Òun ni Jeanne Calment, ará ìlú Arles ní ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n bí ní February 1875, tí ó sì kú ní August 1997, ẹni ọdún 122. Ẹni tí oyè náà kàn lẹ́yìn rẹ̀ kò jìnnà sí wa rárá. Níbí ní Ontario ni, ní Corbeil: Marie-Louise Meilleur, ọmọ Quebec, tí ó kú ní April 1998, ẹni ọdún 117. Wọ́n mọ ọjọ́ orí wọn nítorí pé àkọsílẹ̀ wà láti ìgbà èwe wọn. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ kí òfin tí ó kan gbogbo Nàìjíríà nípá láti máa forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ tó jáde. Àìsí ìwé kì í ṣe ẹ̀bi wa, ṣùgbọ́n kò fún wa láṣẹ láti máa fi ẹnu tẹ ìwé jáde.

Ewu rẹ̀ nìyí. Bí a bá parọ́ fún ọmọ lórí iye ọdún Màmá, tí ó sì já irọ́ náà, kò ní gba ìyókù gbọ́ mọ́. Bí a bá sọ fún un pé Màmá rí òòrùn tí ó ṣókùnkùn, pé ìyá Màmá sùn sí iwájú ààfin Aláké, á rò pé inú àpò kan náà ni a ti mú un jáde. A ó ti fi ogún ọdún ayédèrú ra òtítọ́ tí kò ṣeé rà.

Iye ọdún kọ́ ni iyì àgbà. Iyì rẹ̀ ni ọwọ́ tí ó ti bọ̀, ojú tí ó ti rí, ohùn tí ó ti gbọ́ tí àwa kò lè gbọ́ mọ́ àfi lẹ́nu rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tí ó ń pa mí lẹ́kún.

Ní 1860, ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Clotilda kó ènìyàn bí 110 ní èbúté Wídà, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin lónìí, ó sì kó wọn lọ sí Mobile ní Alabama. Òfin Amẹ́ríkà ti ka irú òwò bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ láti 1808, nítorí náà òru ni wọ́n fi kó wọn wọlé, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà. Òun ni ọkọ̀ ẹrú ìkẹyìn tí a mọ̀ tí ó dé Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ènìyàn wa. Fún ọdún pípẹ́, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Kossola, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Cudjo Lewis, ni gbogbo ayé sọ pé ó kù kẹ́yìn nínú wọn. Ó kú ní 1935.

Kì í ṣe òun ló kù kẹ́yìn. Ní 2019, onímọ̀ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Hannah Durkin, fi hàn pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Redoshi, tí ó dé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọdún bí 12, wà láàyè títí di 1937. Lọ́dún kejì, ó tún fi hàn pé ẹlòmíràn ṣì kù lẹ́yìn Redoshi. Àbákẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ! Oríkì ọmọ tí a fẹ́ kẹ́ ni. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di Matilda McCrear, ó sì gbé ní Alabama títí tí ó fi kú ní Selma ní January 1940. Ilà wà lójú rẹ̀, ó sì ń di irun rẹ̀ bí àwọn ìyá wa ti ń di í títí ọjọ́ alẹ́. Ní 1931, nígbà tí ó ti lé ní 70 ọdún, ó fẹsẹ̀ rin máìlì 15 lọ sí kóòtù ní Selma láti béèrè ohun tí ó tọ́ sí i fún ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́. Adájọ́ lé e padà.

Kí ló dé tí ó fi di 2020 kí ayé tó gbọ́ orúkọ Àbákẹ́? Obìnrin ni, tálákà ni, oko ni ó sì ń gbé. Oníwèé ìròyìn kan ní Selma bá a sọ̀rọ̀ ní 1931, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n sì gbàgbé. Ọmọ ọmọ rẹ̀ kan, tí òun náà ti lé ní 80 ọdún, kò mọ̀ pé ìyá àgbà òun wà nínú ọkọ̀ yẹn àfi ìgbà tí àlejò láti òkè òkun wá sọ fún un. Ọmọ kékeré ló wà nígbà tí ìyá náà kú, a kò lè bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé tiwa. Níbí, nígbà tí a bá ń ṣe ìpàdé, bàbá ni a máa ń bi ní ìtàn. Ìyá wà ní ilé ìdáná, ó ń gún iyán, òun gan-an sì ni ó rí i.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Redoshi. Ní àwọn ọdún 1930, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀ka ìjọba tí ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ jókòó tì í, ó gbọ́ ìtàn rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ara rẹ̀ nígbà tí ó yá. Orúkọ ọ̀dọ́bìnrin náà ni Amelia Boynton. Òun ni wọ́n lù dákú lórí afárá Edmund Pettus ní Selma ní March 7, 1965, nígbà tí àwọn ènìyàn dúdú ń wọ́de láti gba ẹ̀tọ́ ìdìbò. Ní March 2015, ó gba orí afárá yẹn kọjá lórí kẹ̀kẹ́ àwọn aláìlera, Ààrẹ Barack Obama sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. August ọdún náà ni ó kú. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Láti inú ọkọ̀ ẹrú 1860 dé iwájú Obama ní 2015, obìnrin méjì péré ló wà láàárín. Àwọn ìwé ìròyìn kan sọ pé ẹni ọdún 104 ni Amelia nígbà tí ó kú, àwọn mìíràn ní 110. Ṣé ẹ rí i pé kò já mọ́ nǹkan? Èyí tó wù kí ó jẹ́, ó jókòó ti Redoshi.

Ọ̀nà tí a fi ń jókòó ti àgbà náà ní bí a ti ń ṣe é. Zora Neale Hurston ló lọ bá Kossola ní 1927 àti 1928. Kì í sáré bi í ní ìbéèrè. Ó máa ń gbé èso lọ fún un, wọ́n á jọ jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ tí bàbá kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á bá a tún ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ń tọ́jú ṣe, á sì lọ sílé. Nígbà tí ó kọ ìwé náà tán, àwọn tí ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní kí ó yí èdè bàbá padà sí Gẹ̀ẹ́sì tí ó gún régé. Ó kọ̀. Nítorí ìyẹn, ìwé náà kò jáde títí ó fi kú. 2018 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, *Barracoon* ni orúkọ rẹ̀. Mo gbà pé ó ṣe é dáadáa. Bí a bá tún ọ̀rọ̀ àgbà ṣe, ọ̀rọ̀ tiwa ni ó kù.

Èyí mú mi dé orí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Màmá sọ ewé kan fún mi tí ìyá rẹ̀ fi ń wo orúnkún dídùn. Mo kọ orúkọ ewé náà sínú ìwé, mo sì dúpẹ́. N kò ní kí ó fi ewé náà hàn mí. Ó ń wí nǹkan kan bí ó ti ń sọ̀rọ̀, gbólóhùn kúkúrú kan, mo rò pé ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. Ọfọ̀ rẹ̀ ni! Nígbà tí ó kú tán, mo mú orúkọ náà lọ sí Scarborough lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta nǹkan ilé. Mo bi ènìyàn mẹ́ta, wọ́n fi ewé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ hàn mí, nítorí orúkọ kan lè jẹ́ ti ewé yìí l'Ẹ́gbàá kí ó jẹ́ ti òmíràn l'Ékìtì. Mo ní orúkọ lọ́wọ́, n kò sì ní oògùn.

Pierre Verger mọ èyí dáadáa. Ọmọ Faransé ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nífá ní Kétu ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń tẹ̀ lé àwọn babaláwo kiri tí ó ń gba ewé sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Ìwé rẹ̀ lórí ewé jáde ní 1995, ju 400 oògùn lọ ló wà nínú rẹ̀, ọfọ̀ wà pẹ̀lú àwọn oògùn, orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ewé náà sì wà níbẹ̀. Ó kú ní February 1996, ẹni ọdún 93. Díẹ̀ ló kù kí ó má fojú rí i. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lára ọfọ̀ máa ń dún bí orúkọ ewé fúnra rẹ̀, ohun tí ewé náà ń ṣe ni ọfọ̀ ń pè jáde. Ẹni tí ó bá kọ orúkọ tí ó fi ọfọ̀ sílẹ̀ ti já okùn náà sí méjì, bí mo ti ṣe.

Nítorí ìwé ìlera ni a ń kọ, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa àwọn àgbà tí wọ́n ṣì wà. Mo ti rí i tí àwọn ọmọ ń po àgbo tí ó le fún ìyá ẹni 90 ọdún kí ó lè "pé 120". Ẹ dákun, ẹ jáwọ́. Kíndìnrín àgbà kì í yára gbá oògùn jáde mọ́, ìwọ̀n tí ọmọ ogójì ọdún ń mu lè pọ̀ jù fún un. Ẹ̀jìnrìn ń mú ṣúgà ara wálẹ̀. Bí ó bá pàdé oògùn àtọ̀gbẹ tí dókítà fún un, ṣúgà náà lè lọ sílẹ̀ débi tí á fi dákú. Ewé abámọdá ní èròjà tí ń ṣiṣẹ́ lára ọkàn, kò yẹ ẹni tí ń lo oògùn ọkàn. Ẹni tí ń lo warfarin kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má dì, kí ó má jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lájẹyó lọ́sẹ̀ kan kí ó sì pa á tì lọ́sẹ̀ kejì. Kí ó máa jẹ ìwọ̀n kan náà, kí ó sì sọ fún dókítà. Ẹ máa fún wọn ní omi kí wọ́n tó béèrè, nítorí òùngbẹ kì í tètè gbẹ àgbà. Ẹ bi dókítà léèrè nípa fítámì D, nítorí òòrùn ìgbà òtútù níbí kò tó fún awọ dúdú. Kí ẹ sì da iyọ̀ sí ẹnu ọ̀nà nígbà yìnyín. Ìṣubú ń pa àgbà, ó sì ń pa ìtàn.

Nígbà tí a bá ń júbà, a máa ń pe orúkọ àwọn tí ó ti lọ. Ẹ fetí sí ara yín lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń pe orúkọ méjì, mẹ́ta, lẹ́yìn náà a ní "àti gbogbo àwọn tí a kò mọ̀." Àwọn tí a kò mọ̀ yẹn ní orúkọ. Ó wà lẹ́nu ẹnì kan tí ó jókòó sí yàrá kejì tí ń wo tẹlifíṣọ̀n.

Wọn kò tíì fín òkúta ibojì Màmá, wọ́n ní ó di ìgbà tí ilẹ̀ bá yọ́. Mo ti bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má kọ 115 sí i. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ó rí òòrùn tí ó ṣókùnkùn ní 1947. Àkọ́bí fẹ́ gbà, àbíkẹ́yìn ń bínú sí mi. Bí ẹ bá ní ìmọ̀ràn, ẹ bá wọn sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́, kí ẹ má sọ pé èmi ni mo rán yín.

Bàbá tí ó máa ń wá láti Oshawa ti gbà kí a máa wá jókòó ti òun ní ọ̀sán Sátidé, ìyá sì gbà pé òun náà yóò jókòó síbẹ̀, kì í ṣe ní ilé ìdáná. Kí ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ tí ń gba ohùn mú un wá. Mo fẹ́ kí ọmọ yunifásítì wa yẹn wà níbẹ̀. Bàbá ní kí a kọ́kọ́ jẹun, àti pé òun kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni tí ó kọ ìbéèrè sínú pépà.